Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Díwọ̀n Kẹ́míkà Tí Kò Tíì Lórúkọ

Àwa ará Òṣogbo fojú wa rí i bí Odò Ọ̀ṣun ṣe yí àwọ̀. Ìwakùsà góòlù lápá òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló da ẹrẹ̀ sí i, omi náà ló sì ń ṣàn gba Igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ìbéèrè méjì ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń bi ni: kí ló wà níbẹ̀, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Ìkejì ló pẹ́ kí ayé tó rí ọ̀nà gbé e gbà.

Cambridge ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1912 sí 1913, J. J. Thomson yẹ gáàsì neon wò, ó sì rí i pé oríṣi méjì ni, ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ. Francis Aston, tó bá a ṣiṣẹ́, ṣe ẹ̀rọ tó péye ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ ní 1919, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1922. Ìran ẹ̀rọ yẹn la ń pè ní mass spectrometer: ó ń fi agbára mànàmáná sára nǹkan kó tó fi mọ bó ṣe wúwo tó. Ní àwọn ọdún 1950, Roland Gohlke àti Fred McLafferty so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń ya àdàlú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, John Fenn ní Yunifásítì Yale fi iná mànàmáná tó lágbára fọ́n omi láti ẹnu abẹ́rẹ́ wọ inú ẹ̀rọ, ohun tó yòrò sínú omi sì ń wọlé láìfọ́.

Síbẹ̀, ìṣòro kù. Òjé àti mákíúrì rọrùn: a ó ra ojúlówó rẹ̀, a ó pò ó ní ìwọ̀n tí a mọ̀, a ó fi àmì tí ẹ̀rọ fi hàn fún un wé ti omi odò. Ṣùgbọ́n ìgò omi odò kan lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì jáde, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ojúlówó tí ẹnikẹ́ni ń tà. Gíga àmì nìkan kò tó fi mọ iye. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri ò lè fi ìró ka onílù, torí bàtá kan lè bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá mọ́lẹ̀. Kẹ́míkà kan á gba agbára mànàmáná wẹ́rẹ́, òmíràn á kọ̀ ọ́.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tartu ní Estonia, tí Anneli Kruve àti Ivo Leito wà lára wọn, to kẹ́míkà 62 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba agbára yìí sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Iṣẹ́ yìí ni mo kà sí ìpilẹ̀ gan-an, ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ, torí látibẹ̀ ni wọ́n ti lè kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa wo ìrísí kẹ́míkà tí wọn ò rí rà, kó sì sọ bí àmì rẹ̀ ṣe yẹ kó ga tó. Ní 2020 wọ́n dán an wò lórí oògùn kòkòrò àti májèlé èbu nínú ọkà; àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 5, ìyẹn ni pé iye tó sọ lè fi bẹ́ẹ̀ ju òótọ́ lọ tàbí kó kéré sí i. Ní 2023, ẹgbẹ́ Kruve, tó ti wà ní Stockholm báyìí, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MS2Quant jáde. Èyí ò tilẹ̀ béèrè ìrísí kẹ́míkà. Bó ṣe ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ ló ń kà.

Àwọn kan á ní àṣìṣe ìlọ́po 5 ti pọ̀ jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní ìṣirò fi hàn pé máíkúrógíráàmù 10 ló wà nínú lítà omi kan, tó sì jẹ́ pé 10,000 ló ń pa ẹja, àṣìṣe náà ò yí ìdáhùn padà. Bó bá jẹ́ 20 ló ń pa á, ìgbà yẹn ló tó kí wọ́n náwó ṣe ojúlówó kẹ́míkà náà, kí wọ́n sì tún omi ọ̀hún wọ̀n.