Ẹ yé pe sẹrotónìnì ní “omi ayọ̀”

Ẹni tó kọ́kọ́ pe sẹrotónìnì, èròjà kan tí ara wa fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara, ní “omi ayọ̀” ti kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Bí mo bá ní ó lè mú kí egungun àwọn ìyá wa fẹ́lẹ́, wọ́n á ní: ayọ̀ wo ló ń jẹ egungun? Àwọn mìíràn pè é ní “oje ọpọlọ”, ìyẹn tún burú jù. Nǹkan bí 90 nínú 100 rẹ̀, ìfun ló ń ṣe é, èyí tí ìfun bá sì ṣe kì í wọ ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1948 kò tilẹ̀ ronú kan ayọ̀: inú omi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti rí i, ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, nǹkan méjèèjì yẹn ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìránṣẹ́ ni èmi ń pè é. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ìránṣẹ́ ló ń jẹ́. Ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ kò kàn án. Ẹnì kan ní “òjíṣẹ́” ló dáa jù. Rárá o, pásítọ̀ àti ààfáà ti gba ìyẹn tán.

Egungun dà bí ilé tí iṣẹ́ kì í tán níbẹ̀: àwọn kan ń wó ògiri tó ti gbó, àwọn bíríkìlà ń tẹ̀lé wọn mọ tuntun. Ẹ́sítírójínì, èròjà tó pọ̀ lára obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ló ń di àwọn awólé lọ́wọ́ mú. Tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ọwọ́ wọn á yá sódì. Bí ìránṣẹ́ bá tún ti ìfun wá, tó ní kí bíríkìlà dín kù, ògiri dáràn. Ti ọpọlọ ní tirẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tó ń mọlé ló wà.

Lára eku ni olùwádìí Gérard Karsenty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Columbia University ti rí ti ìfun yìí ní 2008. Ní 2011, àwọn mìíràn ò rí i bẹ́ẹ̀ lára eku tiwọn, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kan màmá gbọ̀ngbọ̀n ni oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi fluoxetine àti sertraline, tí kì í jẹ́ kí ara tètè gba ìránṣẹ́ yìí padà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007 fi hàn pé egungun ìgbáròkó àwọn ìyá àgbà tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń dín ní 0.82% lọ́dún, ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ 0.47%. Ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ náà lè jẹ egungun, nítorí náà a ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru oògùn. Kí màmá má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Kó ní kí dókítà yẹ egungun òun wò.