Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìwádìí lórí Àwọn Ìràwọ̀ tí Ń Bú Gbàù

Ní Akoka níbi tí mo ń gbé, ìwọ̀nba ìràwọ̀ ni ojú ń rí lálẹ́, nítorí pé iná àdúgbò, iná àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá lórí afárá Third Mainland àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú ọ̀run tán. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé, bí iná bá lọ ní ọ̀gànjọ́ òru, mo máa ń gun òkè ilé wa lọ láti wo ibì kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí wa gan-an. Ojú lásán kò lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìkùukùu gáàsì kan ni, Crab Nebula ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè é, òun sì ni àjókù ìràwọ̀ kan tí ó bú gbàù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ayé ní ọdún 1054. Láti ara ìkùukùu yìí ni mo ti fẹ́ mú ìtàn bí ìwádìí lórí irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan wà.

Àwọn awòràwọ̀ ààfin ilẹ̀ Ṣáínà rí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún náà, wọ́n sì pè é ní ìràwọ̀ àlejò. Ọjọ́ 23 ni ó fi hàn ní ọ̀sán gangan, ó sì tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó pa rẹ́ mọ́ wọn lójú lálẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ohun tí àmì ojú ọ̀run túmọ̀ sí fún ọba, gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo ti ń dífá fún ọba nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọjọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ ibi tí ìràwọ̀ náà wà sílẹ̀, àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ ọ̀rúndún ogún sì fi mọ ọjọ́ orí ìkùukùu náà. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1006, Ali ibn Ridwan, oníṣègùn ará Íjíbítì, ti rí òmíràn, tí ó wá ṣe àpèjúwe rẹ̀ lẹ́yìn náà, èyí tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo irú rẹ̀ tí ẹ̀dá kọ sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ Áfíríkà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1572, Tycho Brahe ará Dẹ́ńmáàkì rí ìràwọ̀ tuntun kan tí ó mọ́lẹ̀ bí Àgùàlà, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ajá òṣùpá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé kò sí ohun tí í yí padà ní ọ̀run lókè òṣùpá, pé ohunkóhun tí ó bá ṣàdédé yọ, nínú afẹ́fẹ́ ayé ni ó wà. Tycho fi ìwọ̀n dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó bá dúró ní Marina tí ó ń wo ọkọ̀ ojú omi kan níwájú èbúté Àpápá, tí ó wá rìn lọ síwájú díẹ̀, yóò rí i pé ọkọ̀ náà ti kúrò níwájú ẹ̀rọ ìgbẹ́rù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀; bí ohun kan bá ṣe súnmọ́ni tó ni ipò rẹ̀ ṣe ń yẹ̀ tó. Òṣùpá ń yẹ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tuntun náà kò yẹ̀ rárá, ìyẹn ni pé ó jìnnà ju òṣùpá lọ dáadáa. Inú àkọlé ìwé tí ó ṣe lórí rẹ̀ ní ọdún 1573 ni ọ̀rọ̀ Látìn náà, nova, ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí tuntun. Ní ọdún 1604 ni òmíràn yọ, Johannes Kepler sì kọ̀wé lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, kò tíì sí èyí tí gbogbo ayé tún fi ojú lásán rí nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa, èyí tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀.

Nǹkan tí a lè pè ní ètò kò bẹ̀rẹ̀ àfi nígbà tí wáyà dé. Ìràwọ̀ àlejò tí kò ní pẹ́ lọ kò ṣeé fi lẹ́tà ròyìn, nítorí pé kí lẹ́tà tó dé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ti kú. Ní ọdún 1882, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Kiel ní Jámánì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gba tẹligíráàmù nípa ohun tuntun tí ó yọ ní ojú ọ̀run, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ibi ìwòràwọ̀ yòókù. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1885, onímọ̀ ìràwọ̀ Ernst Hartwig rí ìràwọ̀ tuntun kan nínú Andromeda, tí ó dà bí ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ ní ojú ọ̀run. Ní ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ìgbà kan náà ni ìlú wa àti ìmọ̀ yìí wọ inú ayé ìròyìn kíákíá.

Ìràwọ̀ Hartwig kò yé ẹnikẹ́ni fún nǹkan bí ogójì ọdún. Nígbà tí Edwin Hubble wá fi hàn ní àwọn ọdún 1920 pé Andromeda kò sí nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa rárá, pé ìṣùpọ̀ mìíràn ni ó jẹ́ ní ọ̀nà jíjìn réré, ó di dandan pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ó hàn láti ibi tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ti tan ìmọ́lẹ̀ tí ó ju ti ọ̀kẹ́ àìmọye oòrùn lọ. Ní ọdún 1934, Walter Baade àti Fritz Zwicky, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní California, tẹ èrò wọn jáde pé irú àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ pátápátá sí nova lásán, orúkọ tí wọ́n ń lò fún wọn sì ni supernova. Wọ́n tún sọ ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: pé nígbà tí ìràwọ̀ ńlá bá bú, inú rẹ̀ lè wó lulẹ̀ di ìràwọ̀ kékeré líle tí ó jẹ́ kìkì neutron, ohun wínníwínní kan tí ó wà nínú átọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ọdún 1932 péré ni James Chadwick ṣàwárí neutron fúnra rẹ̀.

Ohun tí Zwicky ṣe tẹ̀ lé e ni èmi kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ yìí ní tòótọ́. Títí di ìgbà náà, èèṣì ni èèyàn fi ń rí supernova. Láti ọdún 1936, pẹ̀lú awò ńlá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 18 lórí òkè Palomar, ó ń ya fọ́tò àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan náà léraléra, ó ń fi ti òní wé ti àná, ó ń wá àmì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà ń tọ̀ lónìí. Nígbà tí wọ́n sì ti kó àwọn tí ó tó jọ, Rudolph Minkowski lè pín wọn sí oríṣi méjì ní ọdún 1941, èyí tí kò ní àmì gáàsì háídírójìn nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti èyí tí ó ní in.

Èrò ìràwọ̀ neutron wà nínú ìwé fún ọgbọ̀n ọdún láìsí ẹni tí ó rí ọ̀kan. Ibí ni Samuel Okoye ti wọlé, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ rédíò, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gba ìgbì rédíò tí ó ń ti ojú ọ̀run wá, ní Cambridge lọ́dọ̀ Antony Hewish. Bí a bá dúró létí ọ̀sà lálẹ́, àtùpà kékeré inú ọkọ̀ apẹja ní apá Mákòókò á máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n iná ńlá tí ó tàn ká ilẹ̀ kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ìgbì rédíò tí ó bá gba inú gáàsì tí oòrùn ń fẹ́ jáde kọjá: èyí tí ó ti ara ohun kékeré wá nìkan ni ó ń ṣẹ́jú. Crab Nebula fẹ̀ gan-an, síbẹ̀ Hewish àti Okoye rí i pé apá kan nínú ìgbì rẹ̀ ń ṣẹ́jú, èyí tí ó fi hàn pé ohun kékeré kan tí agbára rẹ̀ ṣàjèjì wà láàárín ìkùukùu náà. Ọdún 1965 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1967 ni Jocelyn Bell, ní ibi kan náà, rí àwọn pulsar àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ neutron tí ń yí tí wọ́n sì ń ta ìgbì rédíò bí ìgbà tí ọkàn ń lù. Ní 1968 ni wọ́n wá rí ti Crab, tí ó ń yí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ó ju oòrùn lọ ní ìwúwo, tí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìrìn láti Marina dé Ìkẹjà lọ, òun ni àtùpà kékeré tí Okoye ti rí tí ń ṣẹ́jú. Ó padà wálé, ó sì fi ìdí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ múlẹ̀ ní yunifásítì Nsukka. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ iléèwé ní Yábàá tí wọ́n mọ orúkọ Galileo kò mọ tirẹ̀.

Ìbúgbàù mìíràn wà tí ogun ló bí àwárí rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì Vela tí Amẹ́ríkà rán lọ sókè láti ṣọ́ ẹni tí yóò yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní ìkọ̀kọ̀ gbá ìtànṣán gamma kan, irú ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ojú kò lè rí, mú ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1967, láti òfuurufú jíjìn ni ó sì ti wá. Ọdún 1973 ni wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1987, Ian Shelton ya fọ́tò ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Large Magellanic Cloud ní ilẹ̀ Ṣílè, ó rí ìràwọ̀ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, ó jáde síta, ó sì fi ojú lásán rí i. Láti etí òkun Èkó, ìṣùpọ̀ yẹn kì í ga púpọ̀, apá gúúsù lókè omi ni ó máa ń yọ. Ní wákàtí díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó dé, àwọn ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ ní Jàpáàn, Amẹ́ríkà àti Soviet ti gbá àwọn neutrino mú, ìyẹn àwọn ohun wínníwínní tí ń la ohun gbogbo kọjá láìsí ìdíwọ́, gbogbo wọn kò ju 25 lọ, nítorí pé neutrino ń jáde ní kété tí inú ìràwọ̀ bá ti wó, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ní láti dúró kí ìbúgbàù náà tó la ara ìràwọ̀ já.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà yára kọjá bí ẹnì kan ṣe lè tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn ẹ̀rọ LIGO àti Virgo, tí ń fetí sí ìgbì agbára òòfà (gravitational waves) láti òfuurufú, gbọ́ bí ìràwọ̀ neutron méjì ṣe forí gbárí. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn náà ni ìtànṣán gamma dé, nígbà tí ó sì di wákàtí bíi 11, wọ́n ti rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí ó wà ní nǹkan bí ìrìn 130 mílíọ̀nù ọdún fún ìmọ́lẹ̀. Awò SALT ní Sutherland, ní Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yẹ ìmọ́lẹ̀ náà wò. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀ ń dá àwọn èròjà wíwúwo sílẹ̀, wúrà sì wà lára wọn, irú wúrà kan náà tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà Balógun fún ìgbéyàwó ọmọ.