Iye ìtọ́kasí kọ́ ló ń sọ pé oògùn họ́mónù ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ n ó tún sọ ọ́. Ní lábù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú níbí, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń wá ṣe tẹ́ẹ̀sì họ́mónù, kì í sì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi na fóònù sí mi pé, "Àǹtí, ẹ wò ó, purọfẹ́sọ̀ tó ni oògùn yìí, wọ́n ti tọ́ka sí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́nà ẹgbẹ̀rún o!" Ojú ìwé Google Scholar ló máa ń jẹ́, ìkànnì tó ń ka ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn olùwádìí míì dárúkọ pépà ìwádìí ẹnì kan nínú tiwọn: orúkọ lókè, nọ́mbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti àwọn òpó kéékèèké tó ń ga sí i lọ́dọọdún. Wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Sábó dé Ìgbógbó, ìgò oògùn á wá tẹ̀lé e.

Pé kéèyàn mọ ìwádìí ṣe yàtọ̀ sí kó mọ aláìsàn tọ́jú, gbogbo wa la mọ ìyẹn, mi ò ní dúró lé e lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nọ́mbà yẹn ò ya ẹni tó ń yin iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń já a ní koro. Tí mo bá kọ pépà lónìí pé irọ́ ni lágbájá pa, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ pépà ẹ̀, ọ̀kan á sì lé lórí nọ́mbà ẹ̀. Ẹni tó bá tẹ nọ́mbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà kan lójú ìwé yẹn, àwọn pépà tó tọ́ka sí i á jáde, ibẹ̀ lèèyàn ti lè ka ohun tí wọ́n sọ. Mi ò tíì rí ẹnì kan nínú àwọn tó ń fi hàn mí tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo oògùn DES. Charles Dodds àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní England ló ṣe é jáde ní 1938, ó ń ṣe bí họ́mónù estrogen nínú ara. Tọkọtaya kan ní Harvard, George Smith àti Olive Smith, wá kọ ọ́ ní 1948 pé tí aboyún bá ń lò ó, oyún ò ní máa bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Èèyàn ńlá ni wọ́n, àwọn dókítà gbà wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ fún aboyún lọ ràì. Nígbà tó di 1953, Dieckmann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Chicago pín aboyún bí 1,600 sọ́nà méjì, wọ́n fún apá kan ní DES, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, DES ò sì dá oyún dúró ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ àwọn Smith ló ń dán wò, kò lè ṣe kó má dárúkọ wọn, ìtọ́kasí sì ni ìyẹn náà! Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fún aboyún ní DES títí di 1971, tí Herbst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Boston rí jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n lójú ara àwọn ọmọbìnrin, tí ìyá méje nínú mẹ́jọ ti lo DES nígbà tí wọ́n lóyún wọn. Ọdún yẹn náà ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n má fún aboyún mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ìtàn aburú yẹn lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn Smith náà ló máa ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń gbé h-index jáde, nọ́mbà míì tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ olùwádìí. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló dá a sílẹ̀ ní 2005: tó bá jẹ́ 40, ẹni náà ní pépà 40 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 40, ó kéré tán. Kò sí aláìsàn kankan nínú ìṣirò yẹn. Ti orúkọ náà tún wà níbẹ̀, Adeyemi A. mélòó ló wà nílẹ̀ yìí? Tí oní nǹkan ò bá yẹ ojú ìwé ẹ̀ wò, pépà Adeyemi tó ń ṣe ìwádìí àgbẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ Adeyemi tó ń ṣe họ́mónù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ORCID sílẹ̀ ní 2012, kí olúkúlùkù lè ní nọ́mbà tiẹ̀.

Mi ò sọ pé ìtọ́kasí ò wúlò o. Ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ gidi ló ṣe, ó tiẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ bá. Ó kàn jẹ́ pé nọ́mbà yẹn nìkan ò lè sọ ọ́ fún yín.

Ìgò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ tà á má mọ̀ rárá. Ẹ wo nọ́mbà NAFDAC lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín ní láísẹ́ǹsì. Dókítà gidi á bi yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn kó tó ka èsì họ́mónù bíi FSH tàbí progesterone, á sì ní kí bàbá náà wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lo nǹkan inú ìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún wa. Òmíì lè ní họ́mónù nínú. Biotin, fítámì tí wọ́n ń tà fún irun àti èékánná pàápàá, tó bá pọ̀ lára, ó lè da èsì rú lórí àwọn ẹ̀rọ kan, kó gbé ọ̀kan sókè kó fa òmíì wálẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání bọ̀, ká kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù ká tó fa ẹ̀jẹ̀.