Ibi tí òṣèré onípa kékeré ti ṣẹ̀ wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni iṣẹ́ òṣèré onípa kékeré, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú eré kò ju ìlà díẹ̀ lọ, ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní nǹkan bí ọdún 1590, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da eré kọ, ìwé sì wọ́n, nítorí náà kò sí òṣèré tó ń rí odidi eré gbà. Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan ni wọn yóò kọ fún ọ sórí abala ìwé tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Wọn á lẹ àwọn abala náà pọ̀, wọn á sì ká a bí ẹní. Láti ara ìwé kíká yẹn ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ipa nínú eré, ìyẹn “role”, ti wá. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà títí dòní, ti gbajúmọ̀ òṣèré Edward Alleyn, ní Dulwich College tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Bí ìwé náà ṣe rí rèé: ìlà gígùn kan, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹlòmíràn yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tìrẹ. Kò sọ ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn, kò sì sọ ìgbà tí yóò sọ ọ́. Olórí òṣèré lè fara da èyí, torí òun ló ń sọ̀rọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tó ní ìlà mẹ́rin péré ni wàhálà bá. Bí ẹnìkejì bá ṣì í sọ, tó fi ọ̀rọ̀ mìíràn parí, ẹnu oníṣẹ́ kékeré wọlé nìyẹn. Etí ló fi ń jẹun.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèré ló ń pín owó ẹnu ọ̀nà. Owó ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san fún àwọn yòókù. Ẹnì kan lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́, kó jẹ́ ìránṣẹ́, kó tún jẹ́ òkú kí eré tó parí. Pátákó kan máa ń rọ̀ sórí èèkàn lẹ́yìn ìtàgé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹni tó kàn. Ẹni tó kọ eré náà gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún pípààrọ̀ aṣọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìránṣẹ́ yóò wọlé tòun ti aṣọ ẹ̀ṣọ́ lọ́rùn.

Òfin fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1927 ló sọ iṣẹ́ náà di ti sinimá gan-an. Ó pọn dandan fún àwọn tó ń pín fíìmù àti àwọn onílé sinimá láti ní fíìmù Gẹ̀ẹ́sì lára ọjà wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù pọ́ọ́kú láti fi tẹ́ òfin lọ́rùn, ní nǹkan bíi pọ́n-ùn kan fún ẹsẹ̀ bàtà kan: 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, wákàtí kan ó lé díẹ̀, pọ́n-ùn 6,000. Kò sí àyè àtúnṣe. Òṣèré tí yóò dé lówùúrọ̀, tí kò ní í ṣìnà ọ̀rọ̀, tí yóò sì parí lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń wá.

Ibẹ̀ ni òṣèré Michael Ripper, ọmọ Portsmouth tí wọ́n bí ní 1913, gbà wọlé. Ní 1952 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́rùn, ohùn rẹ̀ kò sì dé ẹ̀yìn ilé eré mọ́. Makirofóònù kò bèèrè ju èyí tó kù lọ. Ó ṣe fíìmù tó lé ní 20 fún Hammer, ilé iṣẹ́ fíìmù Gẹ̀ẹ́sì kan, awakọ̀ ẹlẹ́ṣin níhìn-ín, onílé ọtí lọ́hùn-ún. Ní 1965, ní Bray lẹ́bàá odò Thames, wọ́n ya fíìmù méjì tẹ̀ léra wọn nínú abúlé kan náà tí wọ́n fi pákó kọ́. Ripper bọ́ aṣọ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì wọ ti onílé ọtí.