Ṣé ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù?

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́: ẹni tó kọ́kọ́ dé, tó sì kúrò kẹ́yìn, òun ni òṣìṣẹ́ gidi. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ sí i, wákàtí ni kí a fi kún wákàtí. Àwọn tó dá òwò sílẹ̀ fúnra wọn ló gba èyí gbọ́ jù. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò ju ìwọ̀n lọ a máa di májèlé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì ti wá ìwọ̀n náà kàn, ó ti pẹ́.

Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, ṣiṣẹ́ ju wákàtí 60 lọ lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn láìsinmi ní ọjọ́ Àìkú pàápàá. Ní 1915, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ìlera wọn wò. Àwọn olùwádìí ìgbìmọ̀ náà ka iye ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe àti iye wákàtí tí wọ́n fi ń ṣe é, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, John Pencavel, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Stanford, gbé àkọsílẹ̀ náà jáde, ó sì tún un ṣírò. Títí dé nǹkan bí wákàtí 49 lọ́sẹ̀, bí wákàtí ṣe ń pọ̀ ni iṣẹ́ ń pọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń fi kún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, débi pé ohun tí wọ́n ṣe ní wákàtí 70 fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan ju ti wákàtí 56 lọ. Wákàtí 14 lọ lásán! Pencavel tún rí i pé bí iye wákàtí bá tilẹ̀ dọ́gba, ọ̀sẹ̀ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi ni iṣẹ́ rẹ̀ ń kéré.

Ọ̀gá mìíràn lè ní ogun ló fa ìyẹn. Kí ó wo ìlú Jena ní Jámánì. Ní 1900, Ernst Abbe, onímọ̀ físíìsì tó ń darí ilé iṣẹ́ Zeiss, dín iṣẹ́ òòjọ́ kù láti wákàtí 9 sí 8, kò sì dín owó ẹnikẹ́ni kù. Ó wá ṣírò iṣẹ́ òṣìṣẹ́ 233 tó ń gba owó gẹ́gẹ́ bí iye ohun tí wọ́n bá ṣe. Kí wákàtí 8 tó lè mú iye iṣẹ́ tí wákàtí 9 ń mú wá, iṣẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdá 16.2 ló fi pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ òòjọ́ fi nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé bí wọ́n bá ṣe ṣe tó ni wọ́n ń gbà tó, nítorí náà a kò lè sọ pé ńṣe ni wọ́n ń fi iṣẹ́ falẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹni tó mọ̀ pé wákàtí 12 ló wà níwájú òun yóò máa ṣọ́ agbára rẹ̀ lò láti òwúrọ̀, bó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ tó rẹ̀ ló sì ń ṣe àṣìṣe. Ìwádìí kan láti Australia ní 1997 fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà kí awakọ̀ rékọjá. Àṣìṣe tí irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ bá ṣe lálẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì la ó fi tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣìnà nìyí: àròpọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo wákàtí ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ fáìlì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òṣìṣẹ́ kan parí fáìlì 90 ní wákàtí 45, tí 3 nínú wọn padà wá fún àtúnṣe. 87 ló dára. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, ó lo wákàtí 60, ó parí 108, ṣùgbọ́n 18 padà wá. 90 ló dára. Inú ọ̀gá á dùn sí 108, bẹ́ẹ̀ fáìlì 3 péré ni wákàtí 15 tó lé yẹn mú wá, ìyẹn fáìlì kan ní wákàtí 5, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí 45 àkọ́kọ́ ń mú fáìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Fáìlì 18 tó padà wá ṣì ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí kò kú nítorí pé wákàtí rọrùn láti kà, iṣẹ́ ọpọlọ kò sì rọrùn láti wọ̀n. Erin Reid, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Boston, ṣe ìwádìí nípa èyí ní ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ńlá kan, ó sì gbé e jáde ní 2015. Àwọn kan níbẹ̀ rọra ń dín wákàtí wọn kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni: wọ́n ń yan oníbàárà tó wà nítòsí, wọ́n sì ń dín ìrìn àjò kù. Àwọn ọ̀gá yìn wọ́n bí wọ́n ṣe ń yin àwọn tó ń ṣe wákàtí 80 ní tòótọ́. Ẹni tó bá là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ dín iṣẹ́ kù ni wọ́n ń fìyà jẹ. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí olóòótọ́ ló ń san gbèsè ohun tí ojú ọ̀gá kò rí.

Ti ìlera kò tún ṣe é fi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde ní 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ.

Ibì kan wà tí wákàtí fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́: ọdẹ tó ń ṣọ́lé, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn mọ́jú. Níbẹ̀, kí ẹnì kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì ló yẹ, kì í ṣe kí a na ẹnì kan títí yóò fi já. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí a fi kún wákàtí nítorí iṣẹ́ pàjáwìrì náà kì í ba nǹkan jẹ́. Àsọdàṣà ló ń bà á jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní ilé iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó yí ohunkóhun padà: wákàtí (pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń gbé lọ sílé), iṣẹ́ tó dára, àti wákàtí tí àtúnṣe gbà. Lẹ́yìn náà ẹ gé wákàtí 4 kúrò nínú ọ̀sẹ̀, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sí, nítorí ara kò tíì mọ́ ọn, kí ẹ sì tún wọn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tó sábà ń da ìdánwò yìí rú ni pé wọ́n á gé wákàtí, wọn ò ní gé ìpàdé. Ìpàdé wákàtí kan fún ènìyàn 8 jẹ́ wákàtí 8, kì í ṣe ọ̀kan. Òmíràn ni pé gbogbo ènìyàn á mú ọjọ́ kan náà kúrò nílé iṣẹ́ kíákíá, oníbàárà kò ní bá ẹnikẹ́ni. Ẹ pín ọjọ́ náà káàkiri. Bí iṣẹ́ tó dára kò bá dín kù, ẹ tún gé wákàtí 2. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ dá 2 ìkẹyìn yẹn padà.