Ọ̀làjú àti ipò ọba ní ilẹ̀ Yorùbá

Ipò ọba ní ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn ètò ìṣàkóso àtijọ́ tí ọ̀làjú kò pa rẹ́, àmọ́ tí ó tún inú rẹ̀ tò. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní 1851 ni ogun jíjà, owó bodè, ìdájọ́ ikú àti àṣẹ lórí ilẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọba díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ọba ni adé, fífi ènìyàn joyè, ìlàjà àti ọ̀wọ̀ aráàlú. Síbẹ̀ àwọn tí ń dé adé ń pọ̀ sí i ni, ìjà oyè kò sì rọlẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń jà á báyìí.

Kí àwọn òyìnbó tó dé

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àṣà ọba dúró gbagidi sójú kan kí òyìnbó tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin ni olórí, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni afọbajẹ. Àwọn náà ni wọ́n sì lè kọ ọba: èyí tí wọ́n bá ní kí ó ṣígbá wò, ikú ló kàn án. Àṣà ìgbà náà ni pé kí Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba, bá bàbá rẹ̀ kú. Aláàfin Àtìbà ló yí èyí padà, ó ní kí Adélù ọmọ òun jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti forí balẹ̀ fún Adélù, ó ní wọ́n ti ba àṣà jẹ́. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, nígbà tí ó sì fi máa di 1862, Ìjàyè ti tú. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó di àṣà mú ni ó pàdánù, kò sì sí òyìnbó kankan nídìí àyípadà ọ̀hún.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá mọ ètò tuntun dá sílẹ̀. Ìlú ogun ni, kò ní ìdílé ọba kan pàtó. Láti orí mọ́gàjí, olórí agboolé, ni ènìyàn ti ń gun àkàbà oyè, yálà ní ọwọ́ Balógun tàbí ní ọwọ́ Ọ̀tún, títí yóò fi kàn án láti ṣe olórí ìlú.

Lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ní 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó, wọ́n dá Akíntóyè padà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di tiwọn. Wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892. Ní 1893 Gómìnà Carter rìn yíká ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ọdún yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì, ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ti wà lójú ogun láti 1877, tó tú ká. Ọ̀yọ́ gbà pé òun ṣì ní àṣẹ tirẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá 1895, nígbà tí Captain Bower fi àgbá lu ìlú náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1903 fi bí nǹkan ṣe ń yí hàn kedere. Awuyewuye wà lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ọba kan ní Rẹ́mọ, ní ẹ̀tọ́ láti dé adé, Gómìnà MacGregor sì ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọọ̀ni kì í kúrò ní Ifẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn ọba yòókù gbọ́ pé ó ti jáde, wọ́n kúrò láàfin tiwọn náà, wọn kò sì padà wọlé títí Ọọ̀ni fi délé. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún un kò kéré. Àmọ́ gómìnà ló pè é, ó sì lọ.

Lẹ́yìn 1914, Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà, ní kí wọ́n máa ti ẹ̀yìn àwọn ọba ṣèjọba. Wọ́n sọ pé àṣà ni àwọn ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n àṣẹ tí Captain Ross, ọ̀gá òyìnbó tí ó wà ní Ọ̀yọ́, kó lé Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní lọ́wọ́ pọ̀ ju èyí tí Aláàfin kankan ti ní láti ìgbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú ní nǹkan bí 1835. Kódà Ìbàdàn, tí ó ti ń fi agbára ogun gbèjà Ọ̀yọ́ láti ọdún gbọọrọ, wà lábẹ́ rẹ̀. Ọba di ẹni tí ń gba owó oṣù, tí ń gba owó orí fún ìjọba, tí òyìnbó sì lè bá wí. Aráàlú kò gbà á bẹ́ẹ̀: rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ní 1916, ogun Adùbí sì jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 nítorí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá. Ìbàdàn bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ní 1934. Ní 1936 olórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Baálẹ̀ tẹ́lẹ̀, di Olúbàdàn.

Ní apá ibi tí ó ti di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ báyìí, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Dáhòmì fọ́ Kétu ní 1886. Nígbà tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Dáhòmì, Kétu tún dìde ní 1894, oyè Alákétu sì padà bọ̀ sípò. Àmọ́ àwọn Faransé kò fẹ́ ọba tí yóò pàṣẹ. Olórí abẹ́lé tí yóò gba owó orí kalẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ààfin àti ìṣe inú rẹ̀

Kì í ṣe òfin nìkan ló yí ààfin padà. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́ nígbà kan. Lọ́dọọdún, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń gé e, wọ́n á dì í ní ìdì, wọ́n á rù ú wá sí Ọ̀yọ́ fún ọdún Bẹẹrẹ. Ìlú tí ó bá mú tirẹ̀ wá ti fi hàn pé òun ṣì ń sin Aláàfin nìyẹn. Páànù dé. Òrùlé tí kò gba koríko mọ́ kò ní ohun tí ìdì bẹẹrẹ fẹ́ ṣe fún un, ìjọsìn tí ó wà nínú rírù ú sì rọ. Nǹkan tí àgbá Bower kò lè mú kúrò, páànù mú un.

Lẹ́yìn tí Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní 1944, Olókùn Ẹṣin, ìjòyè tí ń bójú tó ẹṣin ọba, ni ó yẹ kí ó bá a kú gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Òyìnbó agbègbè náà dá a dúró. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ni ó kú dípò bàbá rẹ̀.

Fífi ikú ọba pa mọ́ kò rọrùn mọ́ pẹ̀lú. Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wàjà ní London ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje 2015. Ìròyìn ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan nígbà tí àwọn ìjòyè ààfin ṣì ń sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí ohun tó ṣe Kábíyèsí. Wọn kò purọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà ti rí o, àṣà ni kò mọ fóònù.

Àwọn olóṣèlú àti ìwé òfin

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ló fi hàn pé ọba tí ń gba owó orí fún ìjọba lè ti ọwọ́ aráàlú kúrò lórí oyè. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949, kò sì padà sórí oyè títí di òpin 1950. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952 gbé iṣẹ́ ìlú lé àwọn kanselọ̀ tí wọ́n dìbò yàn lọ́wọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lé Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì kúrò ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí òun àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí àlééfà ti kọlu ara wọn. Ní 1960, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, di gómìnà ẹkùn náà.

Òfin tí ó lágbára jù, tí àwọn ènìyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, ni òfin oyè ti 1957. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún oyè kọ̀ọ̀kan: ìdílé tí ń jọba, bí wọn yóò ṣe máa jẹ ẹ́ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, àti àwọn afọbajẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, ìdílé lè dìde, òmíràn lè rọ̀. Ọgbọ́n, ogun àti ìwà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ sílẹ̀ ní 1957 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni agbẹjọ́rò ń nà sókè ní kóòtù pé àṣà nìyí. Gómìnà ló sì ń fọwọ́ sí orúkọ, òun náà ló ń fún ọba ní ọ̀pá àṣẹ.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 kò yan iṣẹ́ kankan fún ọba. Owó tí ń bọ́ ààfin ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Yorùbá ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọba bá ìjọba sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Lẹ́yìn tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù Kẹrin 2022, orí ìtẹ́ ṣófo fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn afọbajẹ yan ẹnì kan, gómìnà kò fọwọ́ sí i, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba kéde Abímbọ́lá Ọ̀wọ́adé ní oṣù Kìíní 2025, ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé wọ́n ti bi Ifá. Àwọn kan nínú àwọn afọbajẹ kò gbà.

Ẹ̀sìn àti ìsìnkú

Ọ̀pọ̀ ọba òde òní jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn onísẹ̀ṣe gba òkú wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin, tí gómìnà fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, pé kí ìdílé lè sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà, tí ó ti wà lórí oyè láti 1960, wà lára àwọn tí ó jà fún un. Ó wàjà ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje 2025. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ààfáà sin ín sí ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ṣọ́jà sì wà níbẹ̀ kí àwọn olórò má baà súnmọ́ ọn. Àwọn onísẹ̀ṣe ní ẹni tí ó bá fẹ́ adé gbọ́dọ̀ fẹ́ gbogbo ohun tí ó bá adé wá, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán.

Adé tí ń pọ̀ sí i

Ní oṣù Kẹjọ 2017, gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà, Abíọ́lá Ajímọ̀bi, dé ọba mọ́kànlélógún ládé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Ìbàdàn, lára wọn sì ni àwọn ìjòyè àgbà tí wọ́n wà lábẹ́ Olúbàdàn. Olóyè Ráṣídì Ládọjà, tí ó ti ṣe gómìnà rí, tí ó sì wà lórí àkàbà oyè, kọ̀ láti gba adé náà, ó sì gba kóòtù lọ. Ní 2018 adájọ́ dá a láre. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án 2025, ó kàn án, ó sì di Olúbàdàn.