Iṣan omi inú ewéko àti àwọn họ́mọ̀nù tó ń darí rẹ̀

Iṣan omi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní xylem, ni ọ̀nà tí omi àti èròjà inú ilẹ̀ ń gbà láti gbòǹgbò dé ewé. Ojú lásán lè rí i lára gẹdú ìrókò ní ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Àjàṣẹ́: ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó hàn níbi tí ayùn ti gé igi ní ìbú ni ẹnu àwọn iṣan náà. Ihò ni lóòótọ́, torí pé sẹ́ẹ̀lì iṣan omi kì í gbé omi àfi tó bá ti kú. Sẹ́ẹ̀lì náà a kọ́kọ́ mọ ògiri líle yí ara rẹ̀ ká, lẹ́yìn náà a jẹ gbogbo ohun tó wà nínú ara rẹ̀ run, ògiri nìkan a sì ṣẹ́ kù. Họ́mọ̀nù, èròjà tí ewéko ń ṣe láti fi ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ló ń pàṣẹ ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí àti ibi tí yóò ti ṣe é.

Auxin ni olórí wọn. Láti ọ̀mùnú àti ewé tuntun ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, láti sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn. Ní 1952, onímọ̀ ewéko William Jacobs gé iṣan omi nínú ọ̀pá coleus, ewéko aláràbarà tí àwọn ènìyàn ń gbìn sí iwájú ilé. Iṣan tuntun hù yí ọgbẹ́ náà ká. Nígbà tó já ewé tó wà lókè ọgbẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù; nígbà tó fi auxin dípò ewé, iṣan tún pọ̀ sí i. Tsvi Sachs, ará Ísírẹ́lì, ṣàlàyé láti 1969 pé bí auxin ṣe ń ṣàn gan-an ló ń la ọ̀nà. Bí ọ̀nà oko ni: ibi tí ẹsẹ̀ bá ń gbà lójoojúmọ́ a máa mọ́ sí i, ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbà á di igbó. Ìlà sẹ́ẹ̀lì tí auxin bá gbà jù ló ń di iṣan. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí a bá fi ẹ̀ka ọsàn dídùn so mọ́ kùkùté ọsàn kíkan, tí a fi ọ̀rá wé e: auxin láti ara ẹ̀ka náà ń mú kí iṣan méjèèjì so pọ̀.

Àdánwò tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti Jàpáánì. Ní 1980, Hiroo Fukuda àti Atsushi Komamine gbo ewé zinnia, ewéko olódòdó kan, wọ́n ya àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wọ́n sínú omi tí auxin àti cytokinin, họ́mọ̀nù mìíràn, wà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn ti di sẹ́ẹ̀lì iṣan omi. Sẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọn kò sì sí lára igi kankan mọ́, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ àṣẹ.

Brassinosteroid, tí òun náà jẹ́ họ́mọ̀nù, ló ń tì wọ́n wọ ìpele ìkẹyìn, níbi tí ògiri ti ń le tí sẹ́ẹ̀lì sì ń kú. Àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì a bẹ́, oje rẹ̀ a sì jẹ ìyókù run. Jíìnì VND6 àti VND7, tí a ṣàwárí iṣẹ́ wọn ní 2005 nínú Arabidopsis, ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àdánwò, lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí a bá mú kí ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì tí kò bá iṣan tan rárá lè di iṣan omi.

Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ku èyí tí yóò bí òmíràn. TDIF, ègé prótéènì tó ní amino acid 12, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2006, ń ti ìhà iṣan oúnjẹ, ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ewé, wá láti dá cambium dúró kó máa pín, kó má tíì di iṣan omi. Cambium ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo igi.

Àgbẹ̀ Kétu tó ha èèpo igi yíká kí igi náà lè kú lójú oko mọ̀ pé ewé rẹ̀ kì í rọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà oúnjẹ tó wà lábẹ́ èèpo ló gé. Omi ṣì ń gba inú igi gòkè. Ara igi a máa wú lókè ibi tó ha, torí ibẹ̀ ni ṣúgà àti auxin tó ń bọ̀ láti òkè ń ṣù jọ sí.

Ti ọ̀pẹ yàtọ̀. Kò ní cambium, iṣan rẹ̀ sì fọ́n ká inú ìtì bí okùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ìtì láti kékeré náà ló ń lò títí ọjọ́ ikú rẹ̀, bíbó ara rẹ̀ yíká kò sì ń pa á bí ó ṣe ń pa ìrókò.